Èédú Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Bí mo bá ti ṣí àpò èédú, tí eruku rẹ̀ bá kọlu imú mi, yàrá Màmá Àgbà, ìyá ìyá mi, ní Ọ̀fà ni mo máa ń rántí.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń wá tọ́jú wọn nílé, ló gbé abọ́ èédú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Mi ò bèèrè ìdí. Láàárọ̀ Sátidé kan, mo kó èédú náà sínú áyọ́ọ̀nù, mo fi lọ aṣọ ilé-ìwé mi.

Lọ́sàn-án, Alhaja ilé kejì, ọ̀rẹ́ wọn, wá kí wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ìborùn bo imú.

"Ẹ máa lọ, Alhaja," ni Màmá Àgbà sọ. Wọ́n kọjú sí ògiri.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Èédú dà?"

"Mo ti fi lọṣọ, mà."

"Òun ló ń bá wa fa òórùn àìsàn yẹn."

Wọn ò nà mí. Wọ́n ní kí n bu òmíràn wá, kí n fọwọ́ ara mi gbé e síbẹ̀.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ló ń ṣe Màmá Àgbà, àti pé nọ́ọ̀sì ti mọ̀ pé kò ní sàn.

Lọ́jọ́ kejì tí mo gbé èédú padà síbẹ̀, Alhaja jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé orí Màmá Àgbà lé itan, wọ́n ń dirun fún wọn.