Ìrìn Adùnọlá sí Ilẹ̀ Nẹ́pà

Lọ́dún 1962, ìròyìn dé Ìgbólé-Èkìtì pé Lọ́lá, ọmọ Adùnọlá, ti lóyún. Lọ́ńdọ̀nù ni Lọ́lá ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ló ti fẹ́ Hárì, dókítà ará Nẹ́pà, tó sì bá a lọ sí ilẹ̀ olókè gíga yẹn, lókè Íńdíà lọ́hùn-ún. Adùnọlá ní kò sẹ́ni tí yóò wẹ ọmọ ọmọ òun bí kò ṣe òun. Hárì fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù gbé e dé Òṣogbo, rélùwéè gbé e dé Èkó. Nígbà tí bààlúù gbéra, ó dijú, ó ń gbàdúrà. Ìgbà tó máa lajú, ìkùukùu ló rí nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ Hárì kan ló pàdé rẹ̀ ní Íńdíà. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Nínú rélùwéè, gbogbo ibùdó ni ọkùnrin náà ti ń ra tíì fún un, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ojú wọn ṣe mẹ́rin. Adùnọlá rò pé ìtìjú ló ń ṣe é.

Níbi tí ojú irin parí sí, wọ́n wọ ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀nà ń lọ́ bí ìfun lára òkè, àpáta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Òtútù wọ̀ ọ́ dé egungun.

“Ọmọ mi, ibi tó o wá kọ́ ulé sí rèé?” ni Adùnọlá ń wí bí wọ́n ti ń gun òkè lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Hárì dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun, ó ti fá orí kodoro. Yorùbá díẹ̀ tí Lọ́lá kọ́ ọ ló fi sọ̀rọ̀.

“Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́. Lọ́lá ti lọ.”

“Ó lọ síbo?”

Ẹkún ìkókó ta láti inú yàrá, kò sí ohùn ìyá tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìgbà náà ló tó yé Adùnọlá pé aṣọ ọ̀fọ̀ ni Hárì wọ̀.

“Ojú oórì rẹ̀ ńkọ́?”

Wọ́n mú un lọ sétí odò. Òkúta tí iná ti sọ di dúdú nìkan ló wà níbẹ̀. Sísun ni wọ́n ń sun òkú tiwọn, odò a sì gbé eérú lọ. Adùnọlá bu omi náà sí àtẹ́lẹwọ́, omi sì jò tán láàárín ìka rẹ̀.

Ó wẹ ọmọ náà títí ọrùn rẹ̀ fi le, ó ń fòrí pa á lára, ó ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Ó fẹ́ gbé e wálé. Ìyá Hárì kò jiyàn, ó kàn gbá ọmọ mọ́ra, omijé ń dà lójú rẹ̀. Adùnọlá kò lè já a gbà.

Nígbà tó délé tó sì ròyìn ikú Lọ́lá, ohun kan ṣoṣo ni Adéyẹmí, ọkọ rẹ̀, béèrè.

“Ìyá Lọ́lá, níbo ni wọ́n sin ín sí?”

Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ tó ti jìn sínú.

“Orí òkè ni. Oòrùn òwúrọ̀ máa ń tàn sí i.”

Títí ọkùnrin náà fi kú, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, yóò bi í bóyá wọ́n ń ro koríko ojú oórì náà.

“Wọ́n ń ro ó, Bàbá Lọ́lá,” ni Adùnọlá máa ń wí.