Wàràkàṣì Tó Sán Nínú

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí àwọn òkè Jura, níbi tí ilẹ̀ Faransé ti bá Switzerland pààlà, Uncle Làmídì ló dúró fún mi. Òun ni ọ̀gá àwa awakọ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí wa ní Thamesmead, nílùú ọba.

Ó ní, "Saheed, Thursday ni ferry ẹ. Tó o bá miss ẹ̀, wọ́n máa dá ẹ padà sídìí ẹrù kíkó. Má dójú tì mí o."

Ibẹ̀ yà mí lẹ́nu. Yìnyín máa ń bo ilẹ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà koríko ni ọrọ̀ wọn. Màlúù á jẹ ẹ́, gbogbo àgbẹ̀ abúlé á da wàrà pọ̀ sójú kan, wọ́n á fi ṣe wàràkàṣì tó tóbi tó táyà ọkọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ máa rùn bíi màlúù á sọdá ààlà láàárọ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aago ní Switzerland, wọ́n á padà nírọ̀lẹ́.

Baba kan ló ń ṣọ́ wàràkàṣì nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Kò ní jẹ́ kí ọ̀kan jáde láì fi òòlù kékeré kàn án, torí ìró rẹ̀ ló ń sọ bóyá ó dáa. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń ṣe ògbufọ̀ wa.

Ó ku díẹ̀ kí n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ nígbà tí baba fi òòlù kan ọ̀kan, tó mi orí pé ó dáa. Etí mi kò gbà. Ìkòkò amọ̀ ni ìyá mi ń tà ní Ìjẹ̀bú, èmi ni mo sì máa ń fi ìka kàn án fún oníbàárà. Ìkòkò tó bá sán kì í ró gooro. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, dídákẹ́ ló máa gbè mí, torí ferry kò ní dúró dè mí. Ẹ̀rù bà mí gan-an, síbẹ̀ mo sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Daddy tún èyí kàn."

Ọmọbìnrin náà wò mí. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí bàbá mi ti ń ṣe iṣẹ́ yìí."

"Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ wọ́n nìyẹn."

Baba tún un kàn, ó mú ọ̀bẹ, ó sì là á. Wàràkàṣì náà ti sán láti etí dé àárín. Ó jẹ́wọ́ pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń fura sí etí òun. Ó nawọ́ òòlù sí mi, a sì tún gbogbo ẹrù kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ ojú omi lọ láìsí mi.

Mo ti to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu kí n tó dé Thamesmead, ṣùgbọ́n Uncle Làmídì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá yẹn ti call office. Wọ́n ní ìwọ nìkan ni ká máa send. Kí lo ṣe fún wọn gan-an?"

"Ìkòkò ni mo bá wọn kàn, sir."

Títí baba fi ṣíwọ́ iṣẹ́, òun náà ló ṣì ń di òòlù mú. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan wàràkàṣì tán, ojú mi ló máa ń wò.