Ẹni Tó Ń Tún Ọjọ́ Ṣe ní Àkókò Jímọ̀

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. N kì í mu ọtí, n kì í sì í sá fún òjìji ara mi. Mo ti gbé Douala pẹ́ débi pé ọlọ́pàá nìkan ló kù tó ń bà mí lẹ́rù. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbà á, bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Èmi ni mo wà níbẹ̀, ẹ̀yin kọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ètò ìṣirò inú kọ̀ǹpútà ṣe fún àwọn oníṣòwò. Iṣẹ́ yẹn ti sọ mí di onífura, n kò sì tọrọ àforíjì lórí ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ní ẹ̀rọ ló ṣe é, èèyàn ni mo máa ń bá nídìí ẹ̀. Ìfura loògùn àgbà.

Alhaji kan wà ní àdúgbò Ndogbong, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó ń ta àga oníke fún àwọn tó ń rà á tà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń gbé ọjà lọ ná, wọn á wá sanwó ní ọjọ́ kẹjọ. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń kà á nílé wa: ẹni tó bá gbé ọjà ní Mọ́ńdè, Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, nítorí ọjọ́ tó gbé e gan-an ni ọ̀kan. Àwọn ará ibí pàápàá ń sọ "huit jours", ìyẹn ọjọ́ mẹ́jọ, fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìgbà tí Alhaji ra ètò tuntun ni ìjà dé. Àwọn kan gbé ọjà lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ìwé ti àwọn kan sọ pé kí wọ́n wá sanwó ní Mọ́ńdè, ti àwọn yòókù sọ pé Túsìdé. Àwọn ẹni Mọ́ńdè ń bínú pé wọ́n ń rẹ́ àwọn jẹ. Alhaji ti dájọ́ nínú ọkàn rẹ̀: ó ní Rúkà, ọmọbìnrin tó ń tẹ ìwé fún un, ló ń gba owó ẹ̀yìn, tó ń fi ọjọ́ kan kún un fún ẹni tó bá wù ú. Ó ní kí n ṣáà sọ pé òun ni. Ọjọ́ náà ni yóò lé e, yóò sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Douala ni wọ́n bí Rúkà sí. Yorùbá rẹ̀ kò ju ìkíni àti èébú lọ. Bàbá bàbá rẹ̀ ló wà lórí àga iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́, kò sì tíì pé ogójì ọjọ́ tí bàbá náà kú. Owó iṣẹ́ yẹn lọmọ náà fi ń bọ́ ìyá rẹ̀ ní àdúgbò Kotto. Mo mọ gbogbo èyí kí n tó jókòó, mo sì ń fura sí i síbẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo lọ. Alhaji rán Rúkà lọ sí báǹkì kí ó má bàa wà níbẹ̀, òun náà sì gba mọ́ṣáláṣí lọ. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló kù. Mo fi ìdábùú ti ilẹ̀kùn irin náà láti inú kí oníbàárà má bàa dà mí láàmú. Òjò ń rọ̀ lórí páànù bí òjò Douala ṣe máa ń rọ̀, ọ̀sán gangan ṣú.

Mo tètè rí ìdí ọ̀rọ̀ Túsìdé. Ètò náà kì í ka ọjọ́ tí wọ́n gbé ọjà, ọ̀la rẹ̀ ló ń pè ní ọ̀kan. Èyí kò ṣòro, mo tún un ṣe. Èyí tó ń dùn mí ni pé ẹnì kan ń padà wọ inú rẹ̀, ó ń yí àwọn Túsìdé kan sí Mọ́ńdè. Mo wá ẹni náà kiri, mo rí i. Orúkọ Rúkà ló wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, àkókò Jímọ̀ sì ni gbogbo rẹ̀, nígbà tí àwọn ọkùnrin bá ti lọ kírun tí òun nìkan bá kù sílé ìtajà.

Inú mi dùn, kí n má parọ́. Mo yọ fóònù láti pe Alhaji.

"Ta ló kọ́ ẹ̀rọ yìí ní kíkà?"

Ohùn jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀yìn mi ló ti wá. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wọ jalábíà funfun, àtàǹpàkò rẹ̀ dúdú fún tàdáwà òǹtẹ̀. Mo rò pé ará ilé ni. Ẹ gbà mí gbọ́, mo dìde kí i.

Ó ní, "Ọmọ tí wọ́n bí lónìí, ṣé kò tíì wà láyé lónìí ni?"

Mo ní ó ti wà láyé, bàbá. Ó ká ìka rẹ̀ tó kéré jù mọ́lẹ̀, ó ní òní ni ọ̀kan. Ó ń kà á lọ bẹ́ẹ̀, ìka kan tẹ̀ lé èkejì, títí ó fi dé ẹ̀jọ.

"Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ mi. Ẹ̀rọ ló kà á fún wọn. Mo jókòó, mo ń retí wọn. Kò sẹ́ni tó wá."

Ìgbà yẹn ni mo rántí ilẹ̀kùn. Mo yíjú wò ó. Ìdábùú wà níbi tí mo fi í sí.

Bàbá náà ń wo fóònù ọwọ́ mi. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ìta gbọ́: "Ọwọ́ mi ni o rí nínú ẹ̀rọ yẹn. Bí o bá dárúkọ ọmọ mi fún wọn, kí ìwọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ rẹ. Láti òní."

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn. Mo fò sókè, mo lọ ṣí i. Rúkà ni, òjò ti pa á. Nígbà tí mo máa fi wẹ̀yìn, àga ti ṣófo.

Ọmọ náà kò wo ojú mi. Ibi kọ̀ǹpútà ló lọ tààrà. Tàdáwà wà lórí bọ́tìnì nọ́ńbà ẹ̀jọ, mo rí i kedere. Kí n tó lanu, ó ti fi etí ìborí rẹ̀ nù ún kúrò.

"Tonton," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "il est venu?"

Àǹkù ló pè mí, ó ń bi mí bóyá ẹni yẹn wá. Mo ní ta ni? Ó ní òun kò sọ nǹkan kan.

Alhaji dé. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ ló ń ka ọjọ́ lódì, mo sì ti tún un ṣe. Ó bi mí pé Rúkà ńkọ́. Mo ní kò sí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ayédèrú owó. Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n fi ìka ka ogójì ọjọ́ bàbá àgbà Rúkà, kí wọ́n má tún ṣe é bí ti ọjọ́ kẹjọ.

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Alhaji. "Ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀rọ la fi ka ọjọ́ kẹjọ?"

Ó ní òun nìkan lòun wà níwájú ẹ̀rọ nígbà tí òun mú ọjọ́ àdúrà náà, òun kò sì sọ fún ẹ̀dá. Lèmọ́mù bi òun bóyá ó pé, òun kàn ní ó pé. Ó wo Rúkà. Rúkà ń wo ilẹ̀.

Wọ́n ṣe ogójì ọjọ́ náà lọ́jọ́ tó yẹ. Láti ìgbà náà, Mọ́ńdè ń jẹ́ Mọ́ńdè, Rúkà sì wà lórí àga rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Báwo ni Rúkà ṣe mọ̀ pé ẹnì kan máa wá? Mo rò pé bóyá ó fi bàbá kan pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn láti fi dẹ́rù bà mí. Ṣùgbọ́n mo ti wo ibẹ̀ lọ́jọ́ náà kí n tó lọ, àga ni wọ́n tò kún un dé òrùlé, ológbò kò lè gba ibẹ̀. Àtàǹpàkò Rúkà náà sì ní tàdáwà, nítorí òun náà ń tẹ òǹtẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń gbé fóònù láti pe Alhaji, kí n sọ ohun tí mo rí nínú ẹ̀rọ. Mo máa ń gbé e sílẹ̀ padà ni.

Rúkà kọ́ ni orúkọ rẹ̀ o. Alhaji náà kì í ṣe ọmọ Ìsẹ́yìn. Bí ẹ bá ń gbé Douala, tí ẹ sì rò pé ẹ mọ ọmọ tí mo ń sọ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá náà kò sọ iye ọjọ́ tí màá kà fún mi.