Bàtà Fẹ́lẹ́ fún Ẹsẹ̀ Awakọ̀

Baba ńlá ọmọbìnrin kan rán bàtà, baba rẹ̀ náà rán bàtà; ìsàlẹ̀ tó nípọn ni a fi ń dá iṣẹ́ ìdílé wọn mọ̀. Irú bàtà bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin yìí wọ̀ lọ síbi ìdánwò awakọ̀ ilé ìwòsàn. Nígbà tó ń gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, kò mọ ibi tí kílọ́ọ̀ṣì náà ti ń mú ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ ta gìrì bí ewúrẹ́ tí wọ́n fokùn fà, ó sì kú.

"Arábìnrin," ni ọ̀gá awakọ̀ wí, "ṣé ẹ fẹ́ gbé aláìsàn ni, àbí ẹ fẹ́ jù ú sọnù? Ẹ padà wá lọ́la. Bí ọkọ̀ bá tún kú, ẹlòmíràn la ó gbà."

Ó délé, ó bá baba rẹ̀ nídìí iṣẹ́.

"Bàbá, ẹ má bínú. Bàtà yín nípọn jù, n kò mọ ohun tí mò ń tẹ̀."

"Sílípáàsì lo wá fẹ́ fi wakọ̀?"

"Ìyẹn lè há sábẹ́ bíréèkì, kó sì dìjàǹbá. Èyí tó fẹ́lẹ́, tó sì di gìgísẹ̀ mú, ni mo fẹ́."

Lójú arúgbó náà, bàtà fẹ́lẹ́ àti àbùkù, ọmọ ìyá ni wọ́n. Síbẹ̀, ọmọ ju iyì iṣẹ́ lọ: ó mú ọ̀bẹ, ó sì gé ìsàlẹ̀ bàtà náà títí ó fi fẹ́lẹ́ bí ewé.

"Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló rán an, má dárúkọ mi o!"

Lọ́jọ́ kejì, jíà wọlé wẹ́rẹ́, wọ́n sì gbà á síṣẹ́. Títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó gbé aláboyún àti ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà, kò sì fi ìrora kún ìrora wọn.