Òwú Pupa Lára Irin

Bí mo bá gbóòórùn kẹrosíìnì, òwú pupa ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sọ pé àwọn ẹni ayé ló pa bàbá mi nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ takìtì lójú ọ̀nà Mamu. Ìyá mi, aránṣọ, ní kí mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà. Ìyá mi ra káámúṣáfù tuntun, irin onígegele tó ń ṣí ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, ó gbé e ti ti ọkọ̀ wa tí mẹkáníìkì ti fi kẹrosíìnì fọ̀.

Mẹkáníìkì ní, "Ìyá Ṣadé, ọ̀kan náà ni wọ́n."

"Ọ̀gá, èmi kì í fi ojú lásán wọn nǹkan."

Ó fi òwú pupa yí gegele ara tiwa po, ó gé e, ó fi wọn ti ìkejì. Òwú náà gùn ju ti ìkejì lọ.

Ìyá mi ní, "Wọ́n ti yí tiwa padà, kí ẹ́ńjìnnì lè lágbára sí i."

Mo pàtẹ́wọ́ pé ìyá mi ti rí ohun tó pa bàbá mi. Mi ò tíì mọ̀ pé bàbá mi ló ní kí wọ́n ṣe é, kí ọkọ̀ lè máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyá mi ká òwú náà mọ́ ìka.

"Ẹ fi ìkejì yẹn sí i. Ọkọ̀ tó ń délé ni mo fẹ́."