Ọjọ́ Tí Mi Ò Dá Ìyá Àgbà Lóhùn

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ wa pé ọ̀bẹ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní lẹ́tà kan níwájú tí ẹnikẹ́ni kì í pè ni mo ti ń fura sí èdè náà. Kí ni lẹ́tà yẹn ń ṣe níbẹ̀? Ó jókòó bí àlejò tó jẹun tán tí kò lọ, kò ṣiṣẹ́, kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí o bá gbàgbé rẹ̀, ẹgba ni. Wọ́n tún ní tí eku bá di méjì, orúkọ rẹ̀ á yí padà. Mo bi tíṣà wa bóyá orúkọ ilé pẹ̀lú á yí padà tó bá di méjì, nítorí pé eku àti ilé jọra lẹ́nu òyìnbó. Ó ní rárá. Mo ní kí ló dé. Ó ní kí n jókòó. Ẹni tí òtítọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sọ pé kí ọmọ jókòó. Ohun tí mo gbà gbọ́ nígbà náà nìyẹn, mi ò sì tíì fi bẹ́ẹ̀ yí ọkàn padà.

Èdè nìkan kọ́ ni mo fura sí. Ní ilé-ìwé wa ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba sọ ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, èèwọ̀ ni kí ọmọ sọ Yorùbá láti agogo àárọ̀ títí di agogo ìjáde. Pátákó kékeré kan wà, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹni tó bá sọ Yorùbá ló máa gbà á, ọ̀nà kan ṣoṣo tó sì fi lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó dọdẹ ẹlòmíràn tó sọ Yorùbá, kó fi lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá bá lọ́wọ́ ní ìjáde ọjọ́ Ẹtì, ẹgba mẹ́fà. Abẹ́ aṣọ ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí, kí àwọn tó kù má baà mọ ẹni tí wọ́n máa sá fún. Bí gbogbo wa ṣe di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nìyẹn. Ẹni tí ẹ jọ jẹ gúgúrú láàárọ̀ lè ti há a mọ́ abíyá.

Ẹni tí pátákó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní nǹkan kan láti pàdánù mọ́, nítorí náà Yorùbá ló fi ń dẹ pàkúté. Á sọ ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ ahọ́n, á mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í. Ta ló máa gbọ́ kí wọ́n ba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ tí kò ní tún un ṣe? Ẹnu á ti yá kó o tó rántí. Ẹnu òrofó ní ń pa òrofó.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló kọ́ mi ní tèmi. Abà kòkó ló ń gbé, ṣùgbọ́n tó bá ti wá sílé wa ní Ìrẹmọ, kó tó gba omi mu, á ti dá a sílẹ̀: “Gbogbo àgbà tó gbé àgbá gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà...” Èmi á sì parí rẹ̀: “...ẹ gbé àgbá yín gba àgbàlá.” Tí mo bá kọsẹ̀, á rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ á fi tú. Ó máa ń sọ pé ahọ́n tó bá lè gbé àgbá yẹn kọjá, kò sí ohun tó máa fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìwé kẹfà ni mo wà. Mo fẹ́ lọ sí Mọ́dà, ilé-ìwé tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn ìwé kẹfà, mo fẹ́ ẹ débi pé mo máa ń lá àlá rẹ̀. Bàbá mi, káfíńtà ni wọ́n, wọn ò kọ̀, ṣùgbọ́n ojú ìyá àgbà ti ń ṣú, ó sì ti ń béèrè fún mi pé kí n wá máa bá òun gbé ní abà. Bàbá mi ní, “Ìyá mi ló máa sọ èyí tí a máa ṣe.” Èmi náà dá ọgbọ́n tèmi. Tíṣà ti ní ẹni tí kò bá fọwọ́ kan pátákó ní gbogbo sáà yẹn ló máa kéwì lójú alábẹ̀wò ilé-ìwé tí ìjọba ń rán bọ̀, ẹni tí a bẹ̀rù ju wolé-wolé lọ. Ewì náà jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa olè mẹ́ta tó ń ju ẹja mẹ́ta, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni èèyàn gbọ́dọ̀ yọ ahọ́n síta fún. Mo rò pé tí wọ́n bá yàn mí, ìyá àgbà á gbà. Mo wá di ẹnu mi bí ẹni di owó mọ́ etí aṣọ. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Èmi lo oògùn náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ alábẹ̀wò, ọmọbìnrin tí a jọ ń jókòó, ọmọ àdúgbò Òkèrèwè, wá bá mi lásìkò ìsinmi. Mo ti rí pátákó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́rú. Ó fi apá kan há nǹkan mọ́ ara, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìyá mi àgbà ń pè mí lẹ́nu géètì. Ìyá àgbà kò wá sí ilé-ìwé wa rí. Mo ní lọ́kàn mi pé háà, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti wá ń fi ará ilé ẹni dẹ pàkúté báyìí.

Àfi bí mo ṣe rí i lóòótọ́ lábẹ́ igi ọdán, tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Gúdù mọ́nìn, má.”

“Kí lo wí?”

Mo tún un wí. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Bàbá rẹ ti bá mi sọ ọ̀rọ̀ ìwé yìí. Mo ní mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu òun, ẹnu tìẹ ni mo fẹ́ ti gbọ́. Ṣé o fẹ́ máa bá ìwé lọ ni, àbí o máa tẹ̀ lé mi lọ sí abà? Èyí tí o bá wí ni n óò sọ fún un. Mi ò ní bínú.”

Ìdáhùn dé ọ̀fun mi. Ṣùgbọ́n ọmọ Òkèrèwè dúró lẹ́yìn mi, apá rẹ̀ ṣì há. Mo ń rò ó pé nígbà wo ni wọ́n jọ gbìmọ̀ rẹ̀? Ta ló kọ́ ìyá àgbà ní ìbéèrè tó dùn tó báyìí? Ó wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ní Yorùbá gidi: “Dá wọn lóhùn. Mi ò ní mú ọ.” Ìyẹn ló bà á jẹ́ pátápátá. Ẹni tí pátákó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló lè láyà bẹ́ẹ̀. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ilé-ìwé ni mo fẹ́.

Ìyá àgbà wò mí, ó wo ọmọ náà. Ọmọ náà ní, “Ó ní ìwé ni òun fẹ́, mà.”

“O ṣeun,” ìyá àgbà wí fún un. Ó wá yíjú sí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́: “Gbogbo àgbà tó gbé àgbá gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà...” Ó dúró. Mo ń wo ilẹ̀. Ó dúró títí agogo fi lù.

“Ó dáa,” ó ní, ó sì ń lọ.

Nígbà náà ni ọmọ Òkèrèwè gbé apá rẹ̀ sókè. Ẹ̀pà sísè ni, tí wọ́n fi ewé dì, tí ìyá àgbà ní kó bá òun mú dání fún mi. Pátákó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́bọ̀. Ẹni tí pátákó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń kọjá lẹ́nu géètì, ó gbọ́ ọ tó ń bá ìyá àgbà sọ Yorùbá, ó sì fi pátákó lé e lọ́wọ́ padà kí ọjọ́ ó tó yẹ̀. Òun ló jẹ ẹgba mẹ́fà nígbà ìjáde. Kò sọ ìdí tó fi sọ̀rọ̀. Ojú tì mí, mi ò sì sọ fún tíṣà pé tìtorí mi ni.

Alábẹ̀wò dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mo ju ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìkọsẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà bàbá mi ní, “Máa múra Mọ́dà. Ìyá mi ní ọmọ tí wọ́n ti ń ṣe ògbufọ̀ rẹ̀ fún òun, kí ni òun fẹ́ mú un lọ sí abà ṣe?”

Ohun tí mo fẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi bàjẹ́ bí ẹni pé wọ́n lé mi nílé. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí abà. Oòrùn ti ń wọ̀. Ìyá àgbà jókòó, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mi ò sì dúró kó bẹ̀rẹ̀: “Gbogbo àgbà tó gbé àgbá gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ẹ gbé àgbá yín gba àgbàlá.” Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò kọsẹ̀.

Ó bó ẹ̀gúsí bíi mélòó kan. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè, ó rọra pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ti ń fi kọ́ra:

“Gúdù mọ́nìn, má.”