Ìdajì Ẹ̀rín

Mo ń fọ eyín láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nílé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá nígbà tí mo rí i pé omi tí mo fi ń ṣan ẹnu ń dà sí mi láyà. Mo pa ẹnu dé dáadáa, omi ṣì ń gba igun òsì jáde. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ̀yìn etí mi òsì ń ro mí, mo rò pé ìrọ̀rí ni. Mo wo dígí. Apá ọ̀tún ojú mi wà bó ṣe wà. Apá òsì ti rọ̀ wálẹ̀.

Mo fẹ́ pe ọkọ mi, “Bàbá Bísí!” “Wàwá Wísí” ló jáde.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbá tẹ́níìsì jẹun. Ní báyìí, mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní pápá kan ní Ìgàndò, mo sì ń sọ bí ìdíje ṣe ń lọ lórí rédíò. Ẹnu ni iṣẹ́ mi.

Rọpárọsẹ̀ ni àwa méjèèjì rò. A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwòsàn, a sì jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Mo fi gèlè bo ẹnu. Ọkọ mi, tí kì í dì mí lọ́wọ́ mú níta, kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Dókítà ní, “Mà, ẹ gbójú sókè kí iwájú orí yín hunjọ.” Ọ̀tún hunjọ, òsì kò mira. Ó yẹ ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ìfúnpá mi wò. “Kì í ṣe rọpárọsẹ̀, mà. Iṣan ojú ló wú.”

Ó ṣàlàyé pé iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ojú ń gba ihò tóóró kan nínú eegun lẹ́yìn etí. Tó bá wú, eegun á fún un, àṣẹ kò ní dé ojú mọ́. Nínú rọpárọsẹ̀, iwájú orí sábà máa ń hunjọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má fi èyí yẹ ara yín wò nílé o: tí ojú bá ṣàdédé wọ́, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn.

Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, àti èyí tí à ń kán sójú, torí ojú òsì kò ṣeé pa dé. Télọ̀ ni ọkọ mi. Kí n tó sùn, á fi sísọ́ọ̀sì gé pílásítà bí ẹni ń gé léèsì oníbàárà, á sì fi lẹ ojú mi dé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sí ìyàtọ̀. Mo gbọ́ ohùn ẹlòmíràn níbi iṣẹ́ mi lórí rédíò, mo sì pa rédíò náà. “Ara mi ti dà mí,” ni mo sọ.

“Kò dà ẹ́ jàre,” ọkọ mi fèsì. “Ó rẹ ara náà ni. Nígbà tí orúnkún rẹ yẹ̀, ṣé o lé e jáde nílé ni?”

Ẹ̀rín pa mí. Ìdajì rẹ̀ ló jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó ń lẹ pílásítà lọ́wọ́ ló pariwo: “Ó mira! Igun ẹnu rẹ mira!” Ó jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún. Ìgbà yẹn ni mo mọ bí ẹ̀rù ṣe bà á tó.

Ní oṣù kẹrin àìsàn náà ni mo padà sórí rédíò. Ojú mi kò tíì bọ̀ sípò tán. Tí mo bá ń jẹun, ojú òsì máa ń da omi. Dókítà ní iṣan tó ń hù padà lè ṣìnà díẹ̀, kí àṣẹ tó yẹ kó lọ sẹ́nu máa mú omijé wá. Nígbà tí mo ń gbá tẹ́níìsì, àṣẹ ni mo máa ń pa fún ara mi. Ní báyìí, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lánàá, ọkọ mi wò mí lẹ́nu oúnjẹ.

“Ṣé ẹ̀wà tí mo sè ló ń pa ẹ́ lẹ́kún báyìí?”

“Ó dùn ni,” mo dáhùn, mo sì gbé abọ́ mi síwájú kó tún bù sí i.